Ṣíṣà

Lẹ́yìn ilé Ọ̀gá Fálúyì, ní Ìjerò,
a tẹ́ tapólì sílẹ̀, a da àpò mẹ́fà síta:
fóònù tó ti kú, rédíò tí kò fọhùn mọ́,
kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan tí òjò pa,
àti rìmóòtù, rìmóòtù, rìmóòtù,
bí ẹni pé tẹlifíṣọ̀n kì í kú,
ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ nìkan ní í kú.

"Ẹ má tíì mẹ́nu kan wúrà," ni ọ̀gá wí.
"Bátìrì lẹ ó kọ́kọ́ yọ.
Èyí tó bá wú bí ikùn ọmọ tó jẹ àjẹjù,
ẹ rọra gbé e lọ sínú iyanrìn.
Inú ń bí i. Ẹ má gún un."

Mo mọ ṣíṣà kí n tó mọ ìwé.
Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ni ìyá mi fi kọ́ mi,
lórí àtẹ, kí oòrùn tó ròkè:
fẹ́ ẹ, gbọ̀n ọ́n, wò ó, ṣà á.
Òkúta á wọ aṣọ ìrẹsì, á dákẹ́ jẹ́ẹ́,
títí eyín bàbá mi yóò fi rí i.
Òkúta là ń sọ nù nígbà náà.
Lónìí òkúta ni mò ń wá, ìrẹsì ni mò ń dà nù.

Ohun tí òòfà bá fà, ẹbí irin ni, agolo tirẹ̀ nìyẹn.
Bàbà, sínú garawa pupa.
Eyín tín-ín-rín etí bọ́ọ̀dù, tó pọ́n bí ìyeyè,
èyí ni kí o fi àlùmọ́gàjí gé,
má gé e jù, má gé e kù.

Tinúadé ní kí ló dé tí a ò da gbogbo rẹ̀ sínú ásíìdì lẹ́ẹ̀kan.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Ikọ́ náà pẹ́ ju ẹ̀rín lọ.
"Àlejò tí ebi ń pa ni ásíìdì.
Bí o bá gbé irin fún un, á jẹ irin yó,
á gbàgbé wúrà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò,
ìwọ á sì da owó ilé ìwé ọmọ rẹ sí kòtò,
o ní ẹrẹ̀ ni."
Ó na ọwọ́ sí wa. Ìka mẹ́rin àti àbọ̀.
Kò ṣàlàyé.

Bàbá bàbá mi wa ilẹ̀ yìí.
Òkúta dúdú wíwúwo kan ló ń fi igbá wá nínú odò,
àwọn kan ń fi ọkọ̀ kó o lọ, wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.
Bí a bá bi í, "Uṣẹ́ ni," ni yóò wí.
Lọ́sàn-án yìí ni ọ̀gá fi ṣónṣó púláyà
kan nǹkan kékeré lórí bọ́ọ̀dù, ó rí bí ẹyọ àgbàdo.
"Inú èyí ni òkúta yín wà."
Òkúta wa.
Ó lọ sí òkè òkun, ó gbé ohùn ẹni ẹlẹ́ni lọ, ó gbé e bọ̀,
ó kú, wọ́n dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì wá sílé.
Bóyá kì í ṣe òun. Òkúta pọ̀ láyé.
Síbẹ̀ mi ò lè jù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, oníwúrà gbé òṣùwọ̀n dé láti Adó.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ṣà kò kún ife kan.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti gbé àtẹ lẹ́sẹ̀.
Mo na ọwọ́ sí ìrẹsì.
Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti àtẹ sẹ́yìn, jẹ́jẹ́,
bí ẹni pé adìẹ ni mí.
"Lọ fọ ọwọ́."
"Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."
"Lọ fọ̀ ọ́."
Òun nìkan ló ń ṣà á báyìí,
ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́.
Lálẹ́, eyín wa ń dún lórí òkúta,
kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.